Ìtẹ̀ka àti àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Pennsylvania: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ báyìí, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Àwọn àbúrò wa tó wà ní yunifásítì, àtàwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó padà sílé ẹ̀kọ́ torí àtidi tíṣà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá wá: wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní clearance wá kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹ kíláàsì, oṣù Kẹjọ sì ti dé tán. Èmi náà gba ọ̀nà yìí kọjá kí n tó di olùkọ́ ní Philadelphia, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ èèyàn nídìí kọ̀ǹpútà láti ìgbà náà. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí. Pennsylvania nìkan ni mo ń sọ o. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá wà ní New Jersey tàbí Maryland, kó béèrè tibẹ̀.

Ìwé mélòó gan-an ni wọ́n ń fẹ́?

Mẹ́ta ni òfin là kalẹ̀, nọ́ńbà òfin wọn ni gbogbo èèyàn sì fi ń pè wọ́n. Act 34 ni ti ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ẹ ní àkọsílẹ̀ ọ̀ràn ní Pennsylvania, dọ́là 22 sì ni. Act 151 ń bọ̀ láti Department of Human Services, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọmọdé. Òun ló ń sọ bóyá orúkọ yín wà nínú ìwé àwọn tó fìyà jẹ ọmọ, dọ́là 13 sì ni. Act 114 ni ìtẹ̀ka: wọ́n á fi àmì ìka ọwọ́ yín ránṣẹ́ sí FBI, tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri Amẹ́ríkà. Owó tirẹ̀ máa ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ṣáà lé ní dọ́là 20. Ẹ múra sílẹ̀ láti ná bíi dọ́là 60 lórí gbogbo ẹ̀.

Yunifásítì yín á tún béèrè fún fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ PDE-6004, níbi tí ẹ ti máa fọwọ́ ara yín kọ ọ́ bóyá wọ́n ti mú yín rí fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àti ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́ta lórí bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ tó ìjọba létí. Mo máa dé orí wọn.

Mi ò tíì di tíṣà, wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún mi. Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ mí níka bí ọ̀daràn?

Ìbéèrè yìí máa ń dùn mí, torí mo mọ ibi tó ti ń wá. Nílé, ẹni tí ọlọ́pàá bá mú ni a mọ̀ tó ń tẹ̀ka ní àgọ́ wọn, tàbí ẹni tí kò mọ̀wé kọ tó ń fi àtàǹpàkò fọwọ́ sí ìwé. Kò sí èyí tó jẹ́ iyì nínú méjèèjì. Mo ti rí bàbá kan, olùkọ́ àgbà láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó fi ogún ọdún kọ́ni kó tó wá síbí, tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò lè lọ. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń pe òun lólè. A bá a sọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbà.

Ohun tí a sọ fún un ni mo ń sọ fún yín. Gbogbo olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ yìí ló ti tẹ̀ka: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ ẹ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń pín oúnjẹ fún àwọn ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Apá 111 nínú òfin ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní tààrà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ jókòó sẹ́yìn kíláàsì kí ẹ máa wò fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kàn yín. Òbí tó fi ọmọ ọdún mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́nu géètì kò mọ̀ yín rí. Ìwé yìí nìkan ló wà láàárín òun àti ẹ̀rù rẹ̀.

Ojú ti rí nǹkan níbí kí òfin tó le tó báyìí. Ní oṣù Kọkànlá 2011 ni wọ́n mú Jerry Sandusky, tó ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì Penn State tipẹ́. Ẹgbẹ́ aláàánú tó dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí nǹkan ò rọ̀ fún nílé ló fi ń rí wọn mú. Ní oṣù Kẹfà 2012, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ẹ̀sùn 45. Èèyàn ńlá ni, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, àwọn kan sì ti ń ráhùn nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé dìde lẹ́yìn ìyẹn ló bí òfin tó lé ní 20 ní ọdún 2013 àti 2014. Bí ẹ bá ń bínú pé fọ́ọ̀mù pọ̀, ẹ rántí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Nígbà tí mo ṣe T.P., ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, nílé, lẹ́tà kan láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo mú dání. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kà á, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì fi ọmọ 60 lé mi lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Kò sí ẹni tó béèrè ta ni mí. Mo dúpẹ́ pé ọmọlúàbí ni wọ́n bá. Bí mo bá ti jẹ́ ẹlòmíràn ńkọ́?

Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ fi Act 34 àti Act 151 ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì gba ọjọ́ tí ẹ máa lọ tẹ̀ka kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn. Act 151 lè gba tó ọjọ́ 14 nínú òfin. Òun ló máa ń fa gbogbo nǹkan sẹ́yìn, ẹ má fi í ṣe ìkẹyìn.

Ti ọlọ́pàá yá. Ìkànnì wọn ń jẹ́ PATCH, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń rí "No Record" láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ wá. Ojú ewé tó kọ́kọ́ yọ kì í ṣe ìwé náà. Rìsíìtì lásán ni. Ẹ máa tẹ nọ́ńbà tó wà níwájú orúkọ yín, ẹ tún wá líǹkì tó ń jẹ́ "Certification Form", ẹ tẹ̀ ẹ́, ìgbà yẹn ni ìwé tó ní òǹtẹ̀ ọlọ́pàá lẹ́yìn á tó ṣí. Ìyẹn ni kí ẹ tẹ̀ jáde. Lọ́dún tó kọjá, èèyàn mẹ́rin nínú mẹ́fà tí mo bá ṣe é ló ti kọ́kọ́ gbé rìsíìtì lọ sí yunifásítì, tí wọ́n sì dá wọn padà.

Bí ó bá kọ "Under Review", ẹ má ṣe san owó kejì. Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan tí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí rẹ̀ jọ tiyín wà nínú ìwé wọn, tí èèyàn gidi sì ní láti fojú wò ó. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ kàn sọ fún ọ́fíìsì yunifásítì yín, kí ẹ fi nọ́ńbà náà hàn wọ́n.

Fọ́ọ̀mù Act 151 ní kí n kọ gbogbo ibi tí mo ti gbé àti gbogbo ẹni tí mo bá gbé láti 1975. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ọdún 1975 ni Pennsylvania ṣe òfin tó ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ìyà, ibẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn 1975 á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ orúkọ olúkúlùkù, bó ṣe tan mọ́ yín, ọjọ́ orí rẹ̀, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Orúkọ àwọn òbí yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù yìí ń ro ilé tó ní bàbá, ìyá àti ọmọ méjì lọ́kàn. Kò ro agbo ilé. Mo jókòó ti ìyá kan, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ Ìbàdàn, tó ń kọ́ṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ka àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ó ka àwọn ọmọ orogún ìyá rẹ̀, ó ka àbúrò bàbá rẹ̀ tó wá kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó dé orí ìyá àgbà rẹ̀, ó dákẹ́, ó ń fi ìka nu etí tábìlì. Ó ní ìyá náà ti kú ní ọdún tí òun wọ girama, òun ò sì mọ ọjọ́ orí tí òun máa kọ. A fojú bù ú, a kọ ọ́. Nǹkan bí aago méjìlá kọjá la tó parí.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, lábẹ́ olórí ilé kan náà, ará ilé yín ni, ẹ kọ ọ́. Ayálégbé tó wà ní yàrá kejì, tó ń dáná tirẹ̀, kì í ṣe ará ilé yín. Ẹni tó bá wá lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì kò sí níbẹ̀. Ọmọ ìyá yín tó lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ yín wà níbẹ̀. Ojúlé tí kò ní nọ́ńbà, ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti ìlú. Ọjọ́ orí tí ẹ ò mọ̀ dájú, ẹ fojú bù ú. Ẹ má torí pé ó pọ̀ kí ẹ yọ ènìyàn kúrò, ẹ má sì torí ìtìjú fi orúkọ ọkọ tàbí ìyàwó àtijọ́ pamọ́. Ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nínú ìwé ìjọba ti ṣẹ̀ sí òfin.

Kí ẹ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé ná. Ẹ pe ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín nílé. Àwọn ni wọ́n rántí.

Orúkọ wo ni kí n lò? Orúkọ mi yàtọ̀ lórí páásípọ̀ọ̀tù, lórí láísẹ́ǹsì àti ní báńkì.

Èyí tó wà lórí ìwé ìdánimọ̀ tí ẹ máa mú lọ tẹ̀ka ni kí ẹ lò, lẹ́tà sí lẹ́tà, kó sì jẹ́ ọ̀kan náà lórí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ wa ló ń dá wa lọ́nà jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan á jẹ́ Oluwaseun lórí páásípọ̀ọ̀tù, á jẹ́ Seun lórí láísẹ́ǹsì, yunifásítì á kọ Oluwa sí ibi orúkọ àkọ́kọ́ kó sì kọ Seun sí ibi orúkọ àárín. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta nìyẹn. Páásípọ̀ọ̀tù Nàìjíríà máa ń kọ́kọ́ kọ orúkọ ìdílé, àwa náà sì máa ń gbàgbé, a ó kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n ti ní kí a kọ orúkọ tiwa.

Àwọn obìnrin tó ti gba orúkọ ọkọ, ẹ fi orúkọ bàbá yín sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ tí ẹ ti jẹ́ rí. Ẹni tó ti yí orúkọ padà ní ilé ẹjọ́ tàbí nínú ìwé ìròyìn, kó kọ ti àtijọ́. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè yín nílé tí kò sí lórí ìwé kankan kò pọn dandan. Kò sí àyè fún àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà níbẹ̀, ẹ má fi sí i.

Bí ìwé yín bá ti yàtọ̀ síra kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, mo rọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ tún ti yunifásítì ṣe. Ó rọrùn láti bẹ ọ́fíìsì wọn ju kí ẹ tún san owó ìtẹ̀ka lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ níbi ìtẹ̀ka?

IdentoGO ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe é fún ìpínlẹ̀. Ẹ máa forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn ṣáájú, wọ́n á sì béèrè kóòdù iṣẹ́. Ẹ dúró níbí ná, ẹ jọ̀ọ́. Kóòdù yìí ló ń sọ ibi tí èsì yín máa lọ. Ti àwọn yunifásítì tó ń kọ́ olùkọ́ wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ Human Services. Bí ẹ bá mú èyí tí kì í ṣe tiyín, ìka yín á dé FBI, èsì á jáde, yunifásítì yín kò sì ní rí i láé. Wọn kì í gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn, wọn kì í sì dá owó padà. Ọwọ́ yunifásítì ni kí ẹ ti gba kóòdù náà ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ má gbà á lẹ́nu ọ̀rẹ́, ẹ má sì gbà á lẹ́nu mi.

Ní ọjọ́ náà, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ tí kò tíì kọjá àkókò dání: láísẹ́ǹsì, páásípọ̀ọ̀tù Amẹ́ríkà, tàbí green card. Yàrá kékeré ni, kì í sì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá. Inki dúdú ti di ohun àtijọ́. Gíláàsì kan tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ náà á di ọwọ́ yín mú, á tẹ ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún papọ̀, lẹ́yìn náà ti òsì, lẹ́yìn náà àtàǹpàkò méjèèjì, á sì tún máa yí ìka kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ẹ dẹ ọwọ́ yín sílẹ̀ kó máa darí rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi agbára ràn án lọ́wọ́ ló ń ba àmì jẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Wọ́n á fún yín ní rìsíìtì tó ní nọ́ńbà UEID lórí. Nọ́ńbà yẹn ni yunifásítì fi ń wo èsì yín, torí náà ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Clarksburg ní West Virginia ni FBI ń tọ́jú àwọn àmì ìka sí, ibẹ̀ ni tiyín sì ń lọ. Bí líǹkì èsì bá dé sí ímeèlì yín, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i.

Wọ́n ní àmì ìka mi kò hàn. Kí ni kí n ṣe?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn wa gan-an, ìdí rẹ̀ sì hàn sí mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà lóru kí wọ́n tó lọ sí kíláàsì lọ́sàn-án. Fífọ ọwọ́ ní ogójì ìgbà láàárín òru kan, pẹ̀lú sanitizer tó ní ọtí nínú, máa ń mú kí awọ ìka gbẹ, kó fẹ́lẹ́, kí àwọn ìlà rẹ̀ má sì hàn mọ́. Ọmọbìnrin kan fi ọwọ́ rẹ̀ hàn mí: orí ìka rẹ̀ ń dán bí abẹ́ àwo tánganran. Ó ti sunkún, ó rò pé wọ́n á ní òun ń fi nǹkan pamọ́.

Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ máa fi òrí pa ọwọ́ ní alalẹ́. Òrí tí ẹ mú wá látilé dára ju ọ̀pọ̀ ìpara tó wà níbí lọ. Ẹ wọ ibọ̀wọ́ bí ẹ bá ń fọ abọ́ tàbí gé ata. Ẹ má lé làálì sí orí ìka. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ má fi nǹkankan pa á, kí ọwọ́ wà ní gbígbẹ, kó sì móoru. Bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ má lọ láti ibi iṣẹ́ òru tààrà.

Bí FBI bá dá a padà, wọ́n á kàn sí yín pé kí ẹ wá tún un tẹ̀. Ẹ tètè lọ, wọn kì í gba owó fún èyí. Bí wọ́n bá dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n lè béèrè pé kí FBI fi orúkọ yín wá a dípò ìka. Ó ń gba àkókò, àmọ́ ó ń parí.

Ṣé wọ́n máa wo àkọsílẹ̀ mi ní Nàìjíríà?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni FBI ní lọ́wọ́. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò béèrè ìwé ọlọ́pàá Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, wọ́n á bi yín léèrè nípa ìwà yín, ẹ dáhùn rẹ̀ ní òótọ́, ibi yòówù kó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ẹbí wa ní London, ti yín yàtọ̀. DBS, àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ti ìjọba ibẹ̀, ni tiyín, wọn kì í sì í sábà tẹ̀ka, àmọ́ wọ́n lè ní kí ẹ mú ìwé ọlọ́pàá láti orílẹ̀-èdè tí ẹ ti gbé wá, ìyẹn Police Character Certificate ti Nàìjíríà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìka ni ọlọ́pàá Nàìjíríà náà fi ń ṣe ìwé yẹn.

Wọ́n mú mi rí, àmọ́ ilé ẹjọ́ fagi lé ẹjọ́ náà. Ṣé mo ti pàdánù iṣẹ́ tíṣà nìyẹn?

Rárá. Òfin ń wo ìdálẹ́bi. Síbẹ̀, pé wọ́n mú yín lè yọ lórí ìwé FBI láìsọ bí ẹjọ́ ṣe parí, ẹni tó bá sì ń kà á kò ní mọ̀. Ẹ lọ sí kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ náà, ẹ gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ tó sọ ìparí rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí yunifásítì kí wọ́n tó béèrè. Bí ohun tí FBI kọ kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣe.

Fún ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi, Apá 111 pín in. Ìpànìyàn, ìjínigbé, ìfipábánilòpọ̀, ìwà ìbàjẹ́ sí ọmọdé àti irú wọn tó wà nínú àkójọ òfin, kò sí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fún onítọ̀hún mọ́ láyé. Ọ̀ràn ńlá tí Amẹ́ríkà ń pè ní felony tí kò sí nínú àkójọ yẹn, ọdún 10 lẹ́yìn tó bá parí ìyà rẹ̀. Misdemeanor onípò kìíní, ìyẹn ọ̀ràn tí kò tó felony, ọdún 5. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ó mutí wakọ̀, tí ilé ẹjọ́ sì kà á sí misdemeanor onípò kìíní, ọdún 3. Ilé ẹ̀kọ́ tún lè kọ èèyàn fún ohun tó kéré ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, lọ́yà ni kó rí kó tó san owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin. Mo ti rí ẹni tó dé ọdún kẹrin kó tó mọ̀. Ó bà mí lọ́kàn jẹ́ títí di òní.

Mo ti ní clearance láti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ àti láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé mi ò lè lò ó?

Ti ṣọ́ọ̀ṣì, rárá. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń ṣe ti ọlọ́pàá àti Act 151 fún ẹni tó ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láìgbowó, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ni wọ́n sì lè fi ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kò sí lára wọn, bí wọn ò tilẹ̀ sanwó fún yín. Ìtẹ̀ka ti Human Services kò bá ti ètò ẹ̀kọ́ mu. Ti ọlọ́pàá àti Act 151 láti ibi iṣẹ́ lè ṣe bí kò bá tíì pẹ́; ẹ béèrè.

Ọdún mélòó ló ń lò?

Oṣù 60 ni òfin sọ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì àti ilé ẹ̀kọ́ ní kó má tíì pé ọdún kan, tiwọn sì ni ẹ máa tẹ̀ lé.

Ojú ibi tí wọ́n gún mi fún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ wú, wọ́n ní mo ní àrùn náà. Ara mi sì yá.

Ẹ wo èjìká tàbí apá yín. Bí àpá abẹ́rẹ́ BCG bá wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n gún fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ní kékeré, ó lè mú kí ojú ibi tí wọ́n gún wú láìsí ikọ́ ẹ̀gbẹ kankan nínú ara. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó gún yín pé ẹ ti gba BCG, kí ẹ sì ní kó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ṣe. Iléeṣẹ́ ìlera Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ CDC náà gbà pé ti ẹ̀jẹ̀ ló dára jù fún ẹni tó ti gba BCG. Bí ti ẹ̀jẹ̀ náà bá sọ pé kòkòrò ń bẹ, ẹ gba ìtọ́jú, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n fi owó àti nọ́ńbà Social Security mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òun á bá mi ṣe é kíákíá.

Ẹ má ṣe é. Kò sí ẹni tó lè bá yín tẹ̀ka.

Kí ni ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́ta yẹn wà fún?

Yunifásítì Pittsburgh ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe é bí ẹni tó ń sáré tẹ bọ́tìnì. Òfin ti sọ yín di ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní ìdí láti fura pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ kan, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi tó ChildLine, ibi tí ìpínlẹ̀ ti ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, létí lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá fi fóònù sọ ọ́, ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù CY-47 láàárín wákàtí 48. Sísọ ọ́ fún ọ̀gá nìkan kò tó.

Ọ̀rọ̀ yìí ń le fún wa. Wọ́n tọ́ wa pé ẹni tó bá ọmọ wí ló fẹ́ràn rẹ̀, pé a kì í tú àṣírí ilé onílé. Ní oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni, ọmọ kan ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti fọ ọwọ́, mo sì rí ojú bẹ́líìtì, tuntun lórí èyí tó ti ń jiná. Ìdílé rẹ̀ jọ tiwa. Mo dúró lẹ́nu ẹ̀rọ omi yẹn, mo ń rò ó bóyá ìyá rẹ̀ á pè mí ní ọ̀tá. Mo pe nọ́ńbà náà ní ìsinmi ọ̀sán. Òfin kò ní kí n mọ ẹni tó jẹ̀bi, kò sì ní kí n wádìí. Ó ní kí n sọ ohun tí mo rí.

Bí wọ́n bá mú mi lẹ́yìn tí mo ti fi gbogbo ìwé sílẹ̀ ńkọ́?

Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ inú àkójọ Apá 111, láàárín wákàtí 72 lẹ gbọ́dọ̀ fi PDE-6004 tuntun ránṣẹ́. Ẹ pe yunifásítì yín ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Bí mo bá wá rí iṣẹ́ gidi, ṣé mo tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni?

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba ìwé tó ṣì tuntun. Ohun tó máa yàtọ̀ ni Act 168, òfin ọdún 2014: ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbà yín á kọ̀wé sí àwọn ibi iṣẹ́ tí ẹ ti wà pẹ̀lú ọmọdé, láti béèrè bóyá wọ́n fẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kàn yín rí. Bẹ̀rẹ̀ láti òní, ẹ máa kọ orúkọ ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àdírẹ́sì rẹ̀, orúkọ ọ̀gá, oṣù tí ẹ wọlé àti oṣù tí ẹ jáde sínú ìwé kan. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, rìsíìtì UEID, àti àkójọ orúkọ ará ilé tí ẹ fi wákàtí méjì kọ sínú àpòòwé kan náà. Ẹ máa tún lò ó lẹ́yìn oṣù 60.